Bí A Bá Ní "Ẹ Dìde", Ṣé Orúnkún Á Gbọ́?

Mo ṣèlérí lóṣù tó kọjá pé ọ̀rọ̀ omi inú àwo òrìṣà la ó máa bá lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ìyẹn dúró ná. Ìwé mẹ́ta ló tẹ̀ mí lọ́wọ́ láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀kan láti Berlin, méjì láti Hamburg níbí, ìbéèrè kan náà ló sì wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: kí ni kí á ṣe fún àgbà tí orúnkún tàbí ìbàdí kò jẹ́ kó lè foríbalẹ̀ mọ́? Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ bèèrè bóyá èèwọ̀ ni kí ènìyàn kí òrìṣà láti orí àga.

Kì í ṣe èèwọ̀. N ó padà sórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí á tó sáré gbé àga wá, ohun kan wà tí mo fẹ́ jẹ́wọ́, nítorí pé èmi tí mò ń kọ̀wé yìí ti fi àga ṣe àgbà kan léṣe rí.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, níbi ọdún Yemọja tí a ṣe ní Osdorfer Born, ìyá kan tó ti gba òrìṣà ṣáájú mi wá foríbalẹ̀ níwájú ojúbọ. Ẹni ọdún 71 ni nígbà náà. Ó kúnlẹ̀, ó yíká sọ́tùn-ún, ó yíká sósì, ó forí kanlẹ̀. Mo fọwọ́ kan èjìká rẹ̀ méjèèjì, mo súre fún un, mo ní, "Ẹ dìde, Ìyá." Kò dìde. Mo rò pé àdúrà ló ṣì ń gbà. Ó gbójú sókè díẹ̀, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ kí àwọn ọmọdé má baà gbọ́: "Orúnkún mi kò gbọ́." Àwa mẹ́ta la gbé e dìde. Onílù ti dáwọ́ dúró. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ó sọ fún mi lẹ́yìn náà, ló dùn ún ju orúnkún lọ.

Kí ni mo wá ṣe? Mo ra àga onítìmùtìmù fún un. Mo sọ fún gbogbo ọmọ ilé pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ́ kí Ìyá gbé nǹkan kan: kì í ṣe ìkòkò, kì í ṣe korobá omi, kì í ṣe abọ́ pàápàá. Ẹ mọ bí a ṣe kọ́ wa. Ọmọ tó rí àgbà pẹ̀lú ẹrù tí kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, a ní ilé kò kọ́ ọ. Nítorí náà, gbogbo ènìyàn ń sáré, gbogbo ènìyàn ń gbà á, inú wa sì ń dùn pé à ń bu ọlá fún àgbà. Kí ọdún tó yí po, Ìyá kò lè dìde lórí àga yẹn mọ́ àfi kó di ọwọ́ ẹnìkan mú. Nígbà tí ọdún Yemọja tún dé, kò wá. Ó fi èso rán ọmọ sí wa. Mo pè é lórí fóònù, ó ní, "Ẹ ti sọ mí di ère. Ère ni wọ́n ń gbé jókòó."

Ẹni tó bá mọ Born á mọ ohun tí èyí jẹ́. Ìparí àwọn ọdún 1960 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni wọ́n kọ́ àwọn ilé gíga wa yìí sí apá ìwọ̀ oòrùn Hamburg, títí di òní, ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ti ń ṣèlérí kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Bọ́ọ̀sì la ń wọ̀. Ẹni tó ń wọ bọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ lè dúró nígbà tó bá ń mì, kó sì lè gbé ẹsẹ̀ sókè. Bí lífítì bá bàjẹ́, ẹni tó ń gbé òkè kẹjọ ti di ẹlẹ́wọ̀n. Bí a bá sì fẹ́ lọ kí Yemọja ní etí odò Elbe, Blankenese ló sún mọ́ wa, àtẹ̀gùn ni gbogbo òkè ibẹ̀ títí dé etí omi. Àgbà tí itan rẹ̀ kò lágbára kò lè bá wa dé ọ̀dọ̀ òrìṣà rẹ̀.

Nínú ìwé dókítà, orúkọ ohun tó ń ṣe Ìyá ni Gonarthrose. Ní ilé, àwọn kan ń pè é ní làkúrègbé, àwọn kan ń pè é ní aromọléegun. Nǹkan rírọ̀ tó bo orí eegun níbi tí eegun méjì ti pàdé ló ń tán lọ. Ohun tí èmi kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé nǹkan rírọ̀ yìí kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Bíi kànrìnkàn ló ṣe ń jẹun: bí a bá tẹ̀ ẹ́, omi inú rẹ̀ á jáde, bí a bá tú u sílẹ̀, á tún fa omi mìíràn wọlé. Orúnkún tí a gbé sórí àga láti àárọ̀ dalẹ́, ebi ń pa á. Ẹ tún wo iṣan itan. Òun ló yẹ kó máa gba ìwúwo ara kí oríkèé má baà dá gbé e. Bí orúnkún bá ń ro wá, a kì í lò ó. Bí a kò bá lò ó, iṣan á gbẹ. Bí iṣan bá gbẹ, ẹrù á bọ́ sórí oríkèé, ìrora á sì pọ̀ sí i. Ọjọ́ orí nìkan pàápàá ń jẹ iṣan. Ní 1989 ni ọ̀mọ̀wé Irwin Rosenberg sọ gbígbẹ iṣan àgbà yìí lórúkọ, ó pè é ní sarcopenia. Kí ó tó sọ ọ́ lórúkọ, ọ̀pọ̀ rò pé ogbó lásán ni, pé kò sí ohun tí a lè ṣe sí i.

Ohun tí a lè ṣe sí i wà. Ní 1990, dókítà Maria Fiatarone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston mú àwọn àgbà mẹ́wàá nílé ìtọ́jú arúgbó, gbogbo wọn lé ní ọdún 85, wọ́n ní kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ gbé ohun tó wúwo. Kì í ṣe ohun fífúyẹ́ o, ohun tó wúwo ní tòótọ́. Mẹ́sàn-án nínú wọn parí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ náà. Agbára ẹsẹ̀ wọn fi ìdá 174 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, bí a bá pín in dọ́gba. Ẹni 90 ọdún! Mo ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà á. Ní 1994 wọ́n tún ṣe é pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, ó sì tún rí bẹ́ẹ̀.

(Ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín ara mi díẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè yìí fúnra mi, mo máa ń ṣi okun, okùn àti òkun pè. Mo ti gbàdúrà rí ní gbangba pé kí Yemọja fún gbogbo wa ní okùn. Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ ṣe "àṣẹ", wọ́n sì da ẹnu bolẹ̀. Okun ni mò ń wí lónìí.)

Àwọn ará Brazil tún ṣe ohun kan tó kan ìforíbalẹ̀ wa tààrà. Ní Rio de Janeiro, dókítà Claudio Gil Araújo àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní kí 2,002 ènìyàn, láti ẹni ọdún 51 sí 80, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí wọ́n sì tún dìde. Máàkì 5 ni ti jíjókòó, 5 ni ti dídìde. Bí ọwọ́ bá kan ilẹ̀ tàbí tí orúnkún kàn án, máàkì 1 ti lọ. Bí ara bá mì, ààbọ̀ máàkì. Wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2012. Láàrin bí ọdún mẹ́fà tí wọ́n fi ń ṣọ́ wọn, àwọn tí máàkì wọn kéré ló kú jù. Kò túmọ̀ sí pé àìlèdìde ló pa wọ́n. Àmì ni, bí ewé tó ń rọ ṣe jẹ́ àmì. Àmọ́ nínú ìlú tí ilé òrìṣà pọ̀ sí bẹ́ẹ̀, mo rò ó pé àwọn ìyá ibẹ̀ ti ń ṣe ìdánwò yẹn láti ọjọ́ tó ti pẹ́, wọn kò kàn ka máàkì ni. Ní Cuba àti Brazil, òrìṣà tó ni orí ènìyàn ló ń sọ irú ìforíbalẹ̀ tí yóò ṣe. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọkùnrin ń dọ̀bálẹ̀, obìnrin ń kúnlẹ̀. Èyíkéyìí tó wù kó jẹ́, ẹni tó bá lọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ dìde.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí Ìyá ṣe, nítorí òun ni ẹ ń bèèrè.

Ọ̀dọ̀ dókítà ló kọ́kọ́ lọ. Ní Jámánì, dókítà lè kọ Rehasport fún ènìyàn sórí ìwé tí wọ́n ń pè ní Muster 56. A ó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí Krankenkasse, ìyẹn àwọn tó ń san owó ìtọ́jú wa, bí wọ́n bá sì ti fọwọ́ sí i, ìgbà 50 ni wọ́n sábà máa ń fún ènìyàn láàrin oṣù 18. Ìdárayá ẹgbẹ́ ni, ìṣẹ́jú 45 ó kéré tán, ènìyàn 15 ó pọ̀ jù. Ẹni tí làkúrègbé ń bá jà lè bèèrè Funktionstraining dípò rẹ̀, ọdún kan ni ìyẹn sábà ń jẹ́, nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tàbí lórí ilẹ̀. Deutsche Rheuma-Liga ń ṣètò rẹ̀ káàkiri. A kì í san nǹkan kan lé e lórí. Ẹ fetí sí èyí dáadáa: ìdárayá lórí ẹ̀rọ tó ń mú iṣan le kò sí nínú Rehasport. Bí ẹnìkan bá sọ pé ẹ gbọ́dọ̀ buwọ́ lùwé, kí ẹ sì máa sanwó oṣooṣù, kí ẹ tó lè lo ìwé dókítà yín, irọ́ ni. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú Ìyá níbì kan. Ẹni tó bá nílò ẹ̀rọ lóòótọ́, kí ó bèèrè Krankengymnastik am Gerät lọ́wọ́ dókítà. Ìyẹn ní owó díẹ̀ tí a ń san, yúrò 10 lórí ìwé kan àti ìdá kan nínú mẹ́wàá iye rẹ̀.

Níbi àkọ́kọ́ tó lọ, wọ́n wo irun funfun rẹ̀, wọ́n fún un ní bálúùnù. Òun àti àwọn àgbà yòókù jókòó yíká, wọ́n ń gbá bálúùnù síra wọn fún ìṣẹ́jú 45. Ó bínú débi pé ó rẹ́rìn-ín. "Ẹrú ọlá ni àwọn wọ̀nyí náà," ó ní, "bíi tiyín." Mo fẹ́ kí ẹ rántí bálúùnù yẹn. Kò sí ìwà ìkà nínú rẹ̀. Ohun tó mú kí a gba korobá lọ́wọ́ rẹ̀ ló mú kí wọ́n gbé bálúùnù lé e lọ́wọ́. Ó wá ibòmíràn, ó sì sọ fún ọ̀dọ́bìnrin tó ń darí wọn níbẹ̀ pé òun fẹ́ ohun tó ṣòro. Ìyẹn béèrè ohun tó fẹ́ lè ṣe. Ó ní òun fẹ́ dùbúlẹ̀ sílẹ̀, kí òun sì dìde níwájú ènìyàn 40. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó dáa, a ó bẹ̀rẹ̀ lórí àga."

Àga, àpótí, ẹní: bí ó ṣe lọ nìyẹn. Tìmùtìmù méjì lórí àga kí ìjókòó lè ga, apá ní àyà, kí ó dìde, kí ó jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìjábọ́ sórí àga. Márùn-ún péré ló lè ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tó lè ṣe mẹ́wàá nígbà mẹ́ta láìmí gúlegúle, ó yọ tìmùtìmù kan kúrò. Lẹ́yìn náà ìkejì. Lẹ́yìn náà ó gbá àpò ìrẹsì mọ́ àyà. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ó pẹ́ kí ó tó kan àpótí, àpótí ìdáná kékeré tí ìyá wa gbogbo ń jókòó lé láti gé ẹ̀fọ́. Láti orí àpótí dé orí ẹní kò jìnnà mọ́. Ó tún ń di etí síǹkì mú kí ó gbé gìgísẹ̀ sókè, ó ń gun àtẹ̀gùn kan kó tún sọ̀ kalẹ̀, ó sì ń gbé ìgò omi méjì rìn nínú pálọ̀. Ẹ̀mejì tàbí ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí ọjọ́ ìsinmi wà láàrin. Bí èyí tó gbẹ̀yìn nínú mẹ́wàá kò bá ṣòro, ohun tí ẹ ń gbé ti fúyẹ́ jù. Ẹ máa kà á sókè, ení, èjì, ẹ̀ta, nítorí ẹni tó ń kà kò lè sé èémí, sísé èémí kò sì dára fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru.

Ọ̀rọ̀ dídìde nílẹ̀ ló yà mí lẹ́nu jù. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń kọ́ àgbà láti dìde ni pé kí ó yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó fi ìgúnpá ti ara rẹ̀ sókè, kí ó wá sórí ọwọ́ àti orúnkún, kí ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, kí ó fọwọ́ ti àga, kí ó sì dìde. Mo wò ó, mo ní, ìyíká nìyí! Ìyíká ọ̀tún àti òsì tí ìyá ń ṣe níwájú òrìṣà ni ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà ìdìde. Ó ti mọ ìdajì rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti gba òrìṣà.

Á dùn díẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn bà yín lẹ́rù. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò nínú ètò GLA:D, tí Ewa Roos àti Søren Skou dá sílẹ̀ ní Denmark ní 2013 fún orúnkún àti ìbàdí, ni a ń lò nílé wa: láti òdo dé mẹ́wàá, ìrora tí kò kọjá márùn-ún kò burú, bí ó bá ti padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ kí wákàtí 24 tó pé. Bí kò bá padà, ohun tí a ṣe ti pọ̀ jù. Ẹ dín in kù, ẹ má dá a dúró. Ọ̀tọ̀ ni oríkèé tó wú, tó sì gbóná. Ẹni tí irú làkúrègbé tó ń wú bẹ́ẹ̀ ń ṣe, kí ó fi oríkèé náà sílẹ̀ títí yóò fi rọlẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti pààrọ̀ ìbàdí fún, kí ó bi dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà kí ó tó yíká. Ẹni tí eegun rẹ̀ ti di fúyẹ́fúyẹ́ kò gbọdọ̀ máa tẹ ẹ̀yìn bí ọrun. Àyà tó ń dunni tàbí òòyì nígbà ìdárayá, ilé ìwòsàn ni o.

Ní ti àgbo àti òrí, èmi kò ní kí ẹ jáwọ́. Òrí tí a fi ń ra orúnkún ń mú kí ara tù wá, ọwọ́ ọmọ tó ń fi ra á sì jẹ́ oògùn. Ṣùgbọ́n kò sí ewé tí mo mọ̀ tó ń gbé àpò ìrẹsì fún ènìyàn. Ẹ sì sọ gbogbo àgbo tí ẹ ń mu fún dókítà, pàápàá bí ó bá ti fún yín ní oògùn ìrora.

Mo wá padà sórí àga. Àwọn kan wà láàrin wa tí kò ní dìde bí Ìyá ṣe dìde, bó ti wù kí wọ́n ṣe ìdárayá tó. Àìsàn iṣan wà tí ń tẹ̀síwájú, ẹsẹ̀ wà tí a bí bẹ́ẹ̀. Ọbàtálá ló mọ wọ́n, ẹni òrìṣà ni wọ́n, ẹnikẹ́ni tó bá fi ojú burúkú wò wọ́n ń fi ọwọ́ pa idà Ọbàtálá lójú. Kí wọ́n tẹ orí ba níbi tí wọ́n wà, kí wọ́n fi ìka kan ilẹ̀ kí wọ́n sì fi kan orí, tàbí kí ọmọ kan bá wọn kan ilẹ̀. Òrìṣà gbà á. Bí apá bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí apá gbé nǹkan. Àga kò ṣe nǹkan kan. Gbígbà tí à ń gba gbogbo ẹrù lọ́wọ́ ẹni tó jókòó lórí rẹ̀ ló burú.

Nítorí náà, òfin tuntun wà nílé wa. Ọmọ tó bá rí àgbà pẹ̀lú ẹrù á kọ́kọ́ bèèrè: "Ìyá, ṣé kí n bá yín gbé e?" Bí àgbà bá ní rárá, rárá ni. Àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, mo mọ̀. Àwọn àgbà méjì bínú sí mi pé mo ń kọ́ ọmọ ní àìlẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀kan kò tíì dárí jì mí. Ẹ̀yin tó mọ Ifá mọ ìtàn àwọn Orí tó péjọ láìpe Ẹsẹ̀, wọn kò rí ibi gbé ìpàdé wọn dé. Mo sọ ọ́ fún un. Ó ní òun mọ ìtàn náà kí wọ́n tó bí mi.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn bálúùnù, ọdún Yemọja tún dé. Ìyá wá, ó wọ aṣọ aláwọ̀ ojú omi, àpótí rẹ̀ wà nínú àpò ọjà. Ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹní fúnra rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó yíká, ó forí kanlẹ̀. Mo fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ohùn mi kò sì fi bẹ́ẹ̀ jáde nígbà tí mo ní, "Ẹ dìde, Ìyá." Ó yí sí ẹ̀gbẹ́, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, ó fi ọwọ́ kan ti àpótí, ó sinmi níbẹ̀ bí ẹni tó ń ronú, ó dìde. Ọwọ́ kan àti orúnkún kan kan ilẹ̀. Ìdánwò Rio á yọ máàkì lára rẹ̀. Onílù kò dáwọ́ dúró rárá.

Nígbà tí a ń dúró de bọ́ọ̀sì lálẹ́, mo gbàgbé òfin tèmi, mo nawọ́ sí àpò tí àpótí wà nínú rẹ̀. Ó gbá ọwọ́ mi kúrò.

"Ọmọ mi," ó ní, "gbé tìrẹ."